Asọ̀rọ̀mágbèsì: Ta Ló Ń Gbọ́ Kó Tó Sọ Fún Wa?

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, ilé mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ní Okokomaiko. Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé yàrá méjì nígbà náà, iṣẹ́ kóòdù kíkọ la sì jọ fi ń jẹun. Ilẹ̀kùn gbọ̀n, gíláàsì fèrèsé dún, ajá àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Àwọn tó ti wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tú síta. Nígbà tá a máa fi dé ẹnu géètì, èéfín dúdú ti ń gòkè lápá ọ̀nà Mile 2.

Ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ẹ̀wà lójúlé kejì sí wa ló kọ́kọ́ bi wá léèrè: "Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, kí ni wọ́n ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ká sá ni, àbí ká jókòó?"

A ṣí fóònù. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, WhatsApp ti fún wa ní èsì mẹ́ta. Ẹnì kan ní bọ́ǹbù ni. Ẹlòmíràn ní ọkọ̀ òfurufú ló já. Ẹnì kẹta, tó fi àmì ẹkún márùn-ún sí i, ní bárékè Ọ̀jọ́ ló gbiná, pé kí gbogbo èèyàn kúrò nílé kíá. A tan rédíò. Orin ni wọ́n ń kọ ní iléeṣẹ́ àkọ́kọ́, pásítọ̀ ń wàásù ní ìkejì, wọ́n ń polówó agbo jẹ̀díjẹ̀dí ní ìkẹta. A ò rí nǹkan kan sọ fún Màmá. A ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣe sùúrù ná." Ó wò wá lójú, ó lọ palẹ̀ ìkòkò rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn la gbọ́ pé Abúlé Àdó ni, ní Amúwó-Ọ̀dọ̀fin, lójú òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì kan náà tá a wà. Iléeṣẹ́ epo ìjọba, NNPC, sọ lọ́jọ́ náà pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kọ lu àwọn sílíńdà gáàsì tí wọ́n tò jọ nítòsí páìpù epo. Ó lé ní ogún èèyàn tó kú. Ilé wó lọ bẹẹrẹbẹ. Bethlehem Girls' College bà jẹ́ pátápátá, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Sister Henrietta Alokha, sì kú síbẹ̀ níbi tó ti ń kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ jáde.

Àmọ́ ìbéèrè Màmá ni kò kúrò lọ́kàn wa. Ṣé ká sá ni, àbí ká jókòó? Ìtàn ìbéèrè yẹn la fẹ́ sọ níbí.

Ó ti wà ní Èkó tipẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú mìíràn, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, ọmọdé ni wá. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, iná ràn mọ́ ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà, bọ́ǹbù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ alẹ́. Ní Ìyànà Ìbà níbí, à ń gbọ́ ìró rẹ̀ bí ààrá tí kò ní òjò. Àwọn àgbà wo ara wọn lójú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu wọn: "Sójà." Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ológun gbé ìjọba sílẹ̀. Bí bọ́ǹbù bá dún l'Ékòó, kí lèèyàn tún fẹ́ rò?

Èkó sá. Ìyá gbé ọmọ pọ̀n, bàbá ká ọmọ mọ́yà, wọ́n ń sá láìmọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Ọ̀pọ̀ wọn gba apá Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò nínú òkùnkùn títí wọ́n fi dé kánálù Òkè-Afa. Ewéko tó ń léfòó ti bo ojú omi náà, ó wá jọ ilẹ̀. Àwọn tó wà níwájú bọ́ sínú rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń tì wọ́n bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú ni wọ́n ń fà jáde, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó kú lápapọ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀gá bárékè yẹn, Brigadier-General George Emdin, jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ìjàǹbá ni, ó sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e yẹ̀ wò: kì í ṣe bọ́ǹbù ló pa àwọn tó rì sí Òkè-Afa. Sísá ni. Bóyá gbólóhùn mẹ́ta péré ì bá ti gba ọ̀pọ̀ wọn là, ká ní ó tètè dé etí wọn: Bárékè Ìkẹjà ló ń jó. Ogun kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jìnnà síbẹ̀, ẹ jókòó sílé.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ó dáa. Ta ló máa sọ ọ́ kí arọ tó gbọ́?

Orúkọ tí àwọn bàbá wa sọ rédíò lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n pè é, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kò gba èsì. Àwa tá a ń kọ kóòdù mọ irú rẹ̀ dáadáa. Tí kọ̀ǹpútà kan bá fẹ́ ránṣẹ́ sí èkejì, ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan á dúró gbọ́ "mo ti rí i gbà" kó tó máa bá tiẹ̀ lọ. Èkejì á ju iṣẹ́ náà sílẹ̀, á kọjá lọ, bó dé bó ò dé kò kàn án. Rédíò jọ ti èkejì.

Àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni orúkọ yẹn sọ, torí gbígbọ́ ni rédíò Èkó kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rédíò ní Èkó. Kì í ṣe pé wọ́n ní ètò tiwọn tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀rọ kan ló ń gbọ́ BBC láti London, wọ́n á wá fi wáyà pín ohùn náà lọ sínú àpótí kékeré nílé àwọn tó ń sanwó oṣooṣù. Rediffusion ni ọ̀pọ̀ àgbà ṣì ń pe àpótí náà títí dòní. Ọdún 1951 ni wọ́n tó dá iléeṣẹ́ rédíò Nàìjíríà sílẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ n'Íbàdàn. Lẹ́yìn náà ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá tirẹ̀ sílẹ̀. Torí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí rédíò ṣe nílẹ̀ wa ni pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ níbòmíràn, ó sì ta á látaré.

Kí wáyà tó dé rárá, akéde ló ń ṣe é. Ẹ ronú nípa àwọn ìlú Àwórì tó yí wa ká, Ìbà, Ọ̀jọ́ àti àwọn tó kù. Akéde á kọ́kọ́ lu agogo. Agogo yẹn ò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ohun tó ń sọ ni pé kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Lẹ́yìn náà á sọ ẹni tó rán an, á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, á sọ ẹni tó kàn àti ọjọ́ tó máa parí. Á wá kọjá sí àdúgbò kejì, á tún sọ ọ́ bákan náà.

Nígbà tá a jókòó ka bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rín pa wá, torí akéde náà la tún bá níbẹ̀. Wọ́n kàn fi ẹ̀rọ ṣe é ni. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé.

Gbogbo iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní ìpínlẹ̀ kan ló ní ẹ̀rọ tó ń tẹ́tí sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ó kéré tán, orísun méjì ni ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ máa gbọ́, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá dákẹ́, èkejì á ṣì sọ. Iléeṣẹ́ ńlá kan ló máa ń wà níwájú. Tí ìjì tàbí omíyalé bá ń bọ̀, òun ló máa kọ́kọ́ gbé e sáfẹ́fẹ́. Àwọn tó ń gbọ́ ọ á gbé e, àwọn tó ń gbọ́ àwọn náà á tún gbé e, títí tó fi máa dé ìkángun ìpínlẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn lè dá iṣẹ́ yìí ṣe lóru, láìsí ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Ariwo kan tó ń ké bí ẹ̀rọ fáàsì ló máa ń ṣáájú, ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn. Kóòdù ló wà nínú ariwo yẹn: ta ló ránṣẹ́, kí ló ṣẹlẹ̀, agbègbè wo ló kàn, wákàtí mélòó ló máa fi wà. Ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni pé bí ẹ̀kan bá bà jẹ́ lójú ọ̀nà, méjì tó kù á fi òótọ́ hàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn gígùn kan tó ń jí èèyàn lójú oorun, ìyẹn ni agogo akéde. Lẹ́yìn náà ni èèyàn á wá sọ̀rọ̀, kò sì ní ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kóòdù mìíràn, ẹ̀ẹ̀mẹta bákan náà, ló máa sọ pé ó ti parí. Ẹ̀rọ á wo agbègbè tí kóòdù dárúkọ. Bí kì í bá ṣe tiwọn, á jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá, kí ẹni tí kò kàn má baà sá lásán.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń dán an wò, wọ́n sì máa ń kọ àkọsílẹ̀ pé ó dé tàbí kò dé. Níbí ni asọ̀rọ̀mágbèsì ti di agbèsì.

Ṣé torí ìjì ni wọ́n ṣe ṣe é? Rárá o. Ọdún 1951 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí ìbẹ̀rù ọkọ̀ òfurufú ogun Rọ́ṣíà. Ní ọdún 1963 wọ́n tún un ṣe, kí ààrẹ wọn lè bá gbogbo orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ogun bá dé. Ètò tí wọ́n ń lò lónìí rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1997. Títí di òní, kò sí ààrẹ kan tó tíì fi í kéde ogun. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1976 sí 1996, ó lé ní ìgbà 20,000 tí wọ́n fi kìlọ̀ ìjì, omíyalé àti ewu mìíràn fún àwọn èèyàn ìpínlẹ̀ àti agbègbè. Òfin ò tiẹ̀ fipá mú àwọn iléeṣẹ́ láti gbé ìkìlọ̀ ìjì. Ti ààrẹ nìkan ni dandan. Wọ́n ń gbé e ni, torí àwọn tó ń gbọ́ wọn ló ń gbé nínú ìjì náà.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọdún 1976 yẹn díẹ̀. Lọ́dún kan náà, ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì, wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed l'Ékòó, Lt. Col. Dimka sì wọ iléeṣẹ́ Rédíò Nàìjíríà ní Ìkòyí lọ kéde pé àwọn ti gbàjọba. Nínú ìkéde rẹ̀ ló ti ní kónílé-ó-gbélé láti aago mẹ́fà àárọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, bí ẹni pé òru ni káwọn èèyàn wá máa ṣòwò. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1990, Major Gideon Orkar àti àwọn tirẹ̀ tún gba ilé rédíò Ìkòyí kan náà. Kí nìdí tó fi jẹ́ pé ilé rédíò ni sójà máa ń kọ́kọ́ sá lọ? Torí wọ́n mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀, gbogbo ìlú ló máa gbọ́.

Ìdí rèé tá a fi sọ pé wáyà ti wà nílẹ̀. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ rí láàárọ̀ ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá: wọ́n á ní kí gbogbo iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n so mọ́ FRCN àti NTA, torí ààrẹ fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n á so mọ́ ọn lóòótọ́. Láti Sókótó dé Ìyànà Ìbà, ohùn kan náà la máa gbọ́. Iléeṣẹ́ kan á gbọ́ òmíràn, á sì ta á látaré, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní 1935. Ọ̀rọ̀ àwọn tó wà lókè ló ń bá ọ̀nà náà sọ̀ kalẹ̀. Èéfín tó ń gòkè ní Abúlé Àdó ni kò tíì rí ọ̀nà gbà débẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé à ń sọ pé ẹ̀rọ òyìnbó kì í ṣàṣìṣe. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1971, ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò ọ̀sẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi tépù tó jẹ́ ti ogun gidi sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó tó nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó rí i pa rẹ́ bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ni kò tiẹ̀ gbé e, bóyá torí wọn ò rí i, bóyá torí wọn ò gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2018, fóònù, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kéde fún àwọn ará Hawaii pé bọ́ǹbù ń bọ̀ lójú ọ̀run. Ìṣẹ́jú 38 ló kọjá kí ìkéde kejì tó dé pé irọ́ ni.

Àwa náà ò gbọdọ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 2014, nígbà tí Ebola wọ Èkó, ọ̀rọ̀ kan gba fóònù kan pé kí gbogbo èèyàn fi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu omi iyọ̀. Òru ni ọ̀pọ̀ ìyá ji ọmọ wọn láti wẹ̀. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé ó kéré tán èèyàn méjì kú, ọ̀pọ̀ mìíràn sì dèrò ọsibítù. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìkìlọ̀ tí kò ní ẹni tó rán an, tó sì ń yára ju akéde èyíkéyìí lọ, ni.

Àwa fúnra wa jẹ̀bi irú rẹ̀. Nígbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé ti Abúlé Àdó, a kọ ètò kékeré kan tó ń kó ìròyìn jọ, tó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí gbàgede WhatsApp àdúgbò wa. Inú wa dùn. A ní a ti rí èsì fún Màmá. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀ láti òwúrọ̀, ètò wa ránṣẹ́ pé afárá ti wó lójú títì, kí ẹnikẹ́ni má gba ọ̀nà Volkswagen. Àwòrán wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ ilé kejì wa tó ń bọ̀ láti LASU rí i, ó gba ọ̀nà inú, ó wọ àgbàrá lórí ọ̀kadà. Ọ̀kadà dà á nù, apá rẹ̀ kán. Afárá kankan ò wó. Àwòrán orílẹ̀-èdè mìíràn ni.

A lọ kí i nílé. Kò bú wa. Ó kàn béèrè pé, "Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá, ta ló sọ fún yín?" A ò mọ̀. Lóòótọ́, a ò mọ̀. Ohun tá a kọ́ ètò wa ni títàtaré. A ò kọ́ ọ ní gbígbọ́.

Ní Èkó lónìí, ọ̀pọ̀ nínú ohun tá a nílò ló wà. LASEMA wà fún pàjáwìrì ìpínlẹ̀. Èèyàn lè pe 112 tàbí 767. Radio Lagos ń sọ Yorùbá. Iléeṣẹ́ LASU, 95.7, wà ní Ọ̀jọ́ níbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Láti ọdún 2012 ni rédíò tó ń sọ̀rọ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, 96.1, sì ti ń ṣe ohun tí orúkọ asọ̀rọ̀mágbèsì sọ pé kò ṣeé ṣe: awakọ̀ á pè, á sọ pé Ìyànà Ìbà ti dí, ẹlòmíràn á sì yà lọ́nà. Bí rédíò bá lè sọ fún wa pé ọkọ̀ dí ní ibi báyìí, ó lè sọ pé iná ń jó ní ibi báyìí. Ohun tó kù ni kí àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí máa tẹ́tí sí orísun kan náà tó ṣeé gbà gbọ́, kí ìkìlọ̀ máa dárúkọ àdúgbò, kí wọ́n sì máa dán an wò nígbà tí kò sí ewu. Kò gba pé ká lọ ra ayé tuntun. Ó gba pé kí àwọn tó ń so mọ́ra wọn torí ààrẹ so mọ́ra wọn torí Màmá.

Kó tó dìgbà náà, a pa ètò kékeré wa rẹ́. Ìlànà mẹ́ta la fi rọ́pò rẹ̀ ládùúgbò: kí ẹnikẹ́ni tó tàtaré ọ̀rọ̀, kó sọ ẹni tó sọ ọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti aago tó ṣẹlẹ̀. Èyí tí kò bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó dúró lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, a máa ń ṣe ìdánwò. A ó fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́, ojúlé kọ̀ọ̀kan á sì dáhùn pé àwọn gbọ́. Àwọn tí kò bá dáhùn la máa ń lọ kan ilẹ̀kùn wọn.

Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni Màmá ń lò, kò sí lórí WhatsApp. Nítorí náà, ọmọ tí apá rẹ̀ kán nígbà yẹn ló máa ń lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, Màmá yọjú síta, ó nu ọwọ́ sára ìró.

"Mo gbọ́ o. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, Màmá. Ìdánwò ni."